Irin Kékeré Tí Delmar Yá Lọ

Ẹni tó bá fẹ́ sọ fún mi pé ọwọ́ mi ti rọ, kó kọ́kọ́ wá fún wàrà màlúù nínú òtútù Montana láràárọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, bí èmi Ardith ṣe fún un. Lẹ́yìn náà ká jọ sọ̀rọ̀. Inú ṣì ń bí mi, mi ò ní purọ́.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń forúkọ sílẹ̀ fún ìwé àṣẹ láti pa àgbò orí òkè kan ṣoṣo. Lọ́dọọdún ni ìjọba ń ṣẹ́ kèké, lọ́dọọdún ni kèké ń mú ẹlòmíràn. Orrin ọkọ mi forúkọ sílẹ̀ títí ó fi kú, kèké ò mú un. Lọ́dún yìí, tí mo pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ó mú mi. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, mo sunkún.

Ìbọn Orrin ni mo fẹ́ gbé lọ. Ìbọn àtijọ́ ni, ọta rẹ̀ ò sí ní ìsọ̀ kankan mọ́, àfi kéèyàn dì í fúnra rẹ̀ nílé. Èmi àti Orrin ti ń dì í nínú gáréèjì wa kí a tó bí àkọ́bí wa. Bí ìbọn bá ti dún, kòròfo idẹ tó kù á ti wú. A ó fi ọ̀rá pa á lára, a ó gbé e lé ìjókòó rẹ̀, ìyẹn irin kékeré kan tí kò fẹ̀ ju ìdérí ìgò lọ. A ó wá fa ọ̀pá ẹ̀rọ wálẹ̀, ìjókòó á gbé kòròfo gòkè wọ inú mọ́ọ̀dù, irin oníhò tó wà lókè ẹ̀rọ, mọ́ọ̀dù á sì fún un padà sí bó ṣe wà. Mo lè di ojú mi kí n ṣe é.

Ní oṣù kẹjọ, mo fi ẹ̀rọ náà fún ogún kòròfo. Mo ki ọ̀kan sínú ìbọn, ó wọlé, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀yìn ìbọn kọ̀, kò tì. Mo ki òmíràn, kò tì. Nínú gbogbo ogún, kò sí ẹyọ kan tó tì. Mo nu mọ́ọ̀dù, mo pààrọ̀ ọ̀rá, mo yí mọ́ọ̀dù wálẹ̀ títí ó fi kan ìjókòó gbágbá, síbẹ̀ kò tì.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Delmar, àbúrò ọkọ mi, fi dé.

"Ìyàwó wa, kí ló dé tí ẹ fajú ro báyìí?"

Mo ṣàlàyé fún un. Kò tilẹ̀ wo ẹ̀rọ. Ọwọ́ mi ló ń wò.

"Ẹ ò fa ọ̀pá yẹn dé ìsàlẹ̀ ni."

"Mo fà á dé ìsàlẹ̀, Delmar."

"Ẹ rò pé ẹ fà á dé ìsàlẹ̀ ni. Ara ti ń dàgbà, ìyàwó wa. Iṣẹ́ yìí gba agbára."

"Ta ni ara ẹ̀ ń dàgbà? Ìwọ tí orúnkún ẹ ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi òróró sí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá ẹni tó máa ra ẹ̀rọ yìí. Ẹ fi òkè gígùn sílẹ̀ fáwọn tó lẹ́sẹ̀."

Nígbà tó fi máa di Sátidé, ọ̀rọ̀ ti dé ìsọ̀ Royce, níbi táwọn ọdẹ ti ń mu kọfí. Bí mo ṣe wọlé báyìí, Royce yọ sí mi láti ẹ̀yìn káńtà.

"Màmá, mo gbọ́ pé apá ń dà yín láàmú."

"Apá wo?"

"Ẹ má tijú o." Ó na ìpara ìgbóná kan sí mi. "Ẹ máa fi para lálaalẹ́. Ẹ tọ́jú owó yín, mo fi ta yín lọ́rẹ ni."

Mo wá sáré ra ìṣó, mo bọ́ síta pẹ̀lú ìtìjú, bí ẹni pé mo jalè. Ohun tó sì bí mi nínú jù nìyí: mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n gbọ́. Bí mo bá gbé ife, màá máa wò bóyá ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ Túsìdé, mo kọ lẹ́tà láti dá ìwé àṣẹ náà padà kí àkókò ọdẹ tó bẹ̀rẹ̀. Mo lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, mo gbé e sínú mọ́tò.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Kí n tó wa mọ́tò lọ fi lẹ́tà ránṣẹ́, mo ní kí n tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo tan àbẹ́là, mo fi èéfín rẹ̀ kun kòròfo kan títí ó fi dúdú kirikiri. Mo ki í sínú ìbọn, mo fipá tì í díẹ̀, mo yọ ọ́. Ara rẹ̀ dúdú, ọrùn rẹ̀ dúdú, àfi èjìká rẹ̀, níbi tí ara ti ń tín-ín-rín lọ sí ọrùn, nìkan ló ń dán yíká. Ibẹ̀ ló ti ń há. Mọ́ọ̀dù ò ti èjìká náà wọlé tó, ìwọ̀n fọ́nrán irun kan péré ló kù.

Mo padà sídìí ẹ̀rọ, mo fa ọ̀pá wálẹ̀, mo tẹjú mọ́ àárín mọ́ọ̀dù àti ìjókòó. Ìmọ́lẹ̀ ò rí àyè gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n ti kanra pinpin. Kódà kí òmìrán wá fà á, kò síbi tó tún máa lọ. Ọwọ́ mi ò jẹ̀bi!

Mo yọ ìjókòó, mo dojú rẹ̀ dé. Ihò ìbọn Orrin há ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí náà, lọ́dún tí a rà á, ó fi òkúta ìpọ́n ọ̀bẹ ha ojú ìjókòó náà títí ó fi fẹ́lẹ́ díẹ̀, kí kòròfo lè wọ mọ́ọ̀dù jinlẹ̀ sí i, ó sì fi ìṣó fa àgbélébùú sí abẹ́ rẹ̀ kó má bàa pòórá mọ́ òmíràn. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ò ní àgbélébùú kankan.

Delmar ló yá a ní oṣù kẹrin. Òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà sínú ẹ̀rọ ní oṣù kẹfà. Mo tún ṣe páì eléso ṣẹ́rì fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Páì odindi!

Mo bá a nínú abà rẹ̀, nídìí ẹ̀rọ tirẹ̀. Kòròfo tó tó ọgbọ̀n ló tò sórí tábìlì, gbogbo wọn ti ya yíká nítòsí ìdí.

"Ẹ wo idẹ burúkú táwọn wọ̀nyí ń tà fún wa, ìyàwó wa. Mo ti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ wọn, mo bú wọn débi tó yẹ."

 Mo yọ ìjókòó kúrò nínú ẹ̀rọ rẹ̀, mo yí i padà. Àgbélébùú Orrin rèé.

"Ti ta nìyí, Delmar?"

"Àbí mo ṣì í gbé ni? Ṣebí nọ́ńbà kan náà ló wà lára méjèèjì. Irin ò ju irin lọ."

"Orrin ha èyí fún ìbọn tiẹ̀. Tó o bá fi ṣe tìẹ, á ti èjìká wọlé jù, ọta á máa mì nínú ìbọn, tó bá dún, idẹ á nà, á ya. Ìwọ lò ń fa idẹ ẹ ya. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run ni kò tíì bú mọ́ ẹ lójú."

Ó mú kòròfo kan, ó wo ibi tó ti ya.

"Tìẹ bàjẹ́, o bú ilé iṣẹ́. Tèmi bàjẹ́, ọwọ́ mi lo bú. O tún gbé e dé ìsọ̀ Royce."

"Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ò bi mí nípa irin yìí látọjọ́ yìí?"

Mo na lẹ́tà náà sí i. "Kà á. Kà á síta."

Ó já àpò ìwé náà, ó wọ awò ojú rẹ̀. "'Mo dá ìwé àṣẹ yìí padà nítorí pé ara ti ń dàgbà, ọwọ́ mi ò sì lágbára tó mọ́...'" Ó dúró. "Ìyàwó wa, ta ló sọ irú èyí fún yín?"

"Ìwọ ni," ni mo fèsì. "Mo sì gbà ọ́ gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bi ọ́."

Mo fi lẹ́tà sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ju irin Orrin sápò. Nígbà tí mo délé, mo dá irin náà padà sínú ẹ̀rọ, mo tún mọ́ọ̀dù yí wálẹ̀, mo gbé kòròfo kan lé ìjókòó. Ọwọ́ òsì nìkan ni mo fi fa ọ̀pá. Mo ki kòròfo náà sínú ìbọn. Ìbọn náà tì.