Yímíyímí tó ń họ imú

Bí Teresa Yamane bá ti fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn láàárọ̀, tí gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ńṣe ni inú Gordon Pruitt máa ń korò bí ewúro. Inú yàrá kékeré kan tó ṣókùnkùn ni wọ́n ti ń pàdé, kí oníkálukú wá fi ohun tó ṣe lánàá han ẹgbẹ́ rẹ̀: bí èèrà ṣe gbẹ́sẹ̀, bí labalábá ṣe gbọn ìyẹ́. Bó bá kan ti Gordon, wọ́n á ní, "Ó dáa." Bó bá kan ti Teresa, wọ́n á ní kó tún un fi hàn káwọn tún rẹ́rìn-ín.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà lẹ́nu fíìmù kòkòrò tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà yà yìí. Gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé inú wọn ni Lowell, ọ̀gá wọn, yóò ti mú ẹni tí yóò darí fíìmù tó ń bọ̀. Ohun tí Gordon ti ń fẹ́ láti kékeré nìyẹn, kò sì fẹ́ kí obìnrin tó bá òun lẹ́nu iṣẹ́ gbà á mọ́ òun lọ́wọ́.

Teresa ni wọ́n fún ní èèrà tó jẹ́ akọni. Yímíyímí, ọ̀dàlẹ̀ tó ta ìlú èèrà fún ọ̀tá, ni wọ́n fún Gordon.

Kò sẹ́ni tí kò ní jígí lórí tábìlì nínú iṣẹ́ yìí. Èèyàn á rẹ́rìn-ín sí i, á fajú ro, á wá fi ohun tó rí nínú jígí sójú kòkòrò inú kọ̀ǹpútà. Gordon yí jígí tirẹ̀ sápá kan, ó ń fi wo Teresa tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Bó ṣe ń họ imú kó tó sọ̀rọ̀, bó ṣe ń ti èjìká kan ṣáájú bó bá ń rìn, gbogbo rẹ̀ ló kó sára yímíyímí, kí ayé lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Duane tó jókòó nítòsí rí i. "Gordon, ṣé ojú ẹ ti sú ẹ ni?"

"Ojú mi ò jọ ti yímíyímí."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín sábẹ́ ètè nígbà tí Gordon fi iṣẹ́ náà hàn. Teresa nìkan ni kò fura, nítorí ta ló mọ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń rìn?

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fíìmù náà jáde ní Oakland, ilé sinimá kún fọ́fọ́. Nígbà tí èèrà bá ń sọ̀rọ̀, àwọn ọmọdé á máa jẹ gúgúrú wọn lọ. Àmọ́ bí yímíyímí bá ti họ imú báyìí, wọ́n á di ikùn mú. Nígbà tí ẹyẹ wá gbé e mì, ọmọbìnrin kan níwájú bú sẹ́kún, kò sì sẹ́ni tó lè pàrọwà fún un. Ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ lọ́jọ́ kejì pé ọ̀dàlẹ̀ yẹn nìkan ló jọ ẹni tó ń mí. Gordon ká a sápò, ó ń rìn bí olùdarí.

Lowell pe gbogbo wọn jọ. "Gordon, yímíyímí ẹ pa mí lẹ́kún. Ibo lo ti rí i?"

Gordon ò tíì lanu tí Duane fi ní, "Ẹ bi jígí ẹ̀."

Teresa fẹ́ béèrè ohun tó ń sọ, ó gbọ́wọ́ sókè, ó họ imú. Ilé dàrú fún ẹ̀rín.

Lowell wo Teresa títí. "Olùdarí ló máa ń ṣe bíi kòkòrò kọ̀ọ̀kan lójú wa ká tó ṣe é. Mo ti ń wá ẹni tó yẹ ká máa wò, Gordon ti bá mi yàn án. Teresa, ìwọ lo máa darí èyí tó ń bọ̀. Gordon, wàá wà lábẹ́ ẹ̀."

Wọ́n ní kéèyàn má gbẹ́ kòtò ìkà jìn. Ti Gordon ti bò ó lórí.

Nígbà tó yá, Teresa gbé kọfí wá sórí tábìlì Gordon. "Ṣé bí mo ṣe ń họ imú nìyẹn lóòótọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Tó o bá ti fẹ́ sọ ohun tó dáa."

"Kò sẹ́ni tó wò mí tó báyìí rí. Màmá mi gan-an ò ṣe é. O ṣé."

Ì bá sàn fún Gordon ká ní ó bú u. Nígbà tí Teresa lọ tán, ó yí jígí padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó fẹ́ wo bí ojú onílara ṣe rí. Ó fẹ́ bá ojú náà sọ̀rọ̀. Kó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti gòkè, ó ń họ imú.