Bọ́ọ̀lù Tó Di Ṣùkú

Bàbá Tólú, ẹ má tíì dìde, ẹ jẹ́ n sọ àlá tí mo lá kí n tó gbàgbé. Èmi àti Ìyábọ̀ wà lórí pápá tẹníìsì, Ìyábọ̀ tí a jọ máa ń gbá a lápá kan náà, tí a sì jọ máa ń gba ife ẹ̀yẹ láyé ọjọ́sí. Makirofóònù rédíò tí mo fi ń ṣiṣẹ́ báyìí ló wà lọ́wọ́ mi dípò rákẹ́ẹ̀tì, kò tiẹ̀ yà mí lẹ́nu. Ni bọ́ọ̀lù bá ń rọra bọ̀, ó tóbi tó ìkòkò. Ó dé iwájú mi, ó dúró sójú afẹ́fẹ́. Irun wà lórí rẹ̀, wọ́n sì di ṣùkú fún un.

Ìyábọ̀ pariwo bí a ṣe máa ń ṣe kí a má baà forí gbárí: “Tìẹ ni! Gbá a!”

Mo gbé makirofóònù sẹ́nu. “Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, bọ́ọ̀lù ti dúró. Ó di ṣùkú, ó sì gún régé.”

Ìyábọ̀ tún pè mí lórúkọ. Mo ń ròyìn ṣùkú lọ ní tèmi. Nígbà tó yá, ó gbé rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó sì jáde.

Mo ní, “Ọ̀kan nínú àwọn eléré ti kúrò lórí pápá. A ò tíì mọ orúkọ rẹ̀.”

Ni mo bá jí.