Ìbéèrè Inú Kọ̀rọ̀

Píìnì mẹ́ta wà láàárín ètè aránṣọ nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ já wọ ṣọ́ọ̀bù láìkí i, ó na ọwọ́, ó sì gbé e lé ọmú aránṣọ náà lápá òsì.

"Ṣé ibí ni?" Omijé ti jẹ́ kí ọrùn aṣọ màmá rin gbingbin. "Ṣé ibí ni jẹjẹrẹ tún gbà wọlé, èyí tó pa ọmọ mi?"

Aránṣọ yọ píìnì náà lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gún wọn mọ́ tìmùtìmù kékeré tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín, Màmá?"

"Akọ̀wé ni."

Ọkọ aránṣọ ti kú; àbúrò ọkọ náà ni Akọ̀wé. Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó dé ilé wọn ní ìyàwó, nítorí pé ọmọ náà kì í gbé ìwé sílẹ̀. Akọ̀wé dúró lẹ́nu ọ̀nà báyìí, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ń dún woroworo lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ojú òun àti ti aránṣọ ṣe mẹ́rin.

Aránṣọ kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tó ń wẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ba kókó kan nínú ọmú náà. Òun nìkan ló lọ sí ọsìbítù, òun nìkan ló dùbúlẹ̀ tí wọ́n fi bù lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Wọ́n ní àwọn yóò pè é. Ó ti pinnu: bí ọ̀rọ̀ náà bá burú, yóò lọ bá màmá nílé, yóò di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bí kò bá burú, màmá kò ní gbọ́ ọ láéláé. Aránṣọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí dókítà sọ ti ọmọ rẹ̀ fún màmá. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsìbítù, ó ní òun kò ní dìde mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí ó ti ń wá bí yóò ṣe sọ, ẹlòmíràn ti bá a sọ ọ́, nínú ọkọ̀, bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ má bínú," ni Akọ̀wé wí. "Ṣebí ẹ ní kí n wá bá yín tún kọ̀ǹpútà ṣe nígbà òjò? Mo fi àkáǹtì tèmi wọlé síbẹ̀, mo gbàgbé láti jáde. Ohun tí ẹ bá ti wá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì níbí, ó ń yọ lórí fóònù mi."

Aránṣọ bojú wo kọ̀ǹpútà tó fi ń wo àwòrán aṣọ fún àwọn oníbàárà. Àwòrán Akọ̀wé wà ní igun òkè, ó kéré bíi bọ́tìnì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ojoojúmọ́ ló ń rí i. Ó rò pé ẹni tó tún ẹ̀rọ ṣe ló fi àmì sí iṣẹ́ rẹ̀ ni, bí òun náà ṣe ń rán orúkọ òun mọ́ inú ọrùn aṣọ. Iwájú ẹ̀rín yẹn ló ti ń tẹ ìbéèrè rẹ̀: kókó tí kì í dunni, ṣé jẹjẹrẹ ni? Báwo ni a ṣe ń sọ fún ìyá tó ti sin ọmọ? Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, òun ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

"Láti ìgbà òjò," ni ó wí. "Ẹ sì ń kà á."

"Èmi kọ́ ni mo lọ wá a. Òun ló ń wá bá mi."

"Bí lẹ́tà mi bá ṣìnà wọ ilé yín, ẹ ó ya á kà?"

"Àbí a kì í ṣe ẹbí mọ́ ni? Ẹbí kì í fi nǹkan pa mọ́ fúnra wọn."

"Ó dáa. Ẹ gbé fóònù tiyín kalẹ̀, kí èmi àti Màmá jókòó ká kà á."

Ọwọ́ Akọ̀wé sáré lọ bo àpò ṣòkòtò rẹ̀.

Áyọ́ọ̀nù gbígbóná wà lórí tábìlì. Aránṣọ wò ó, ó wo orí Akọ̀wé, ó sì yọ wáyà áyọ́ọ̀nù náà kúrò lára iná.

"Ẹ wá fi ibi tí wọ́n ti ń yọ yín kúrò nínú kọ̀ǹpútà yìí hàn mí. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ kàn nàka sí i."

Akọ̀wé nàka. Aránṣọ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ bi í bóyá kí òun pa gbogbo ohun tí òun ti rí rẹ́, ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni bí ẹni ń tẹ eèrà pa. Ó dúró ti Akọ̀wé títí ìyẹn fi pa tinú fóònù rẹ̀ rẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ó wo iwájú orí rẹ̀ tó ń làágùn. Ohun tó wà nínú orí yẹn, kò sí ibi tí ènìyàn lè tẹ̀ kí ó parẹ́.

"Ẹ wá ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun tí ẹ ó fi máa ṣí kọ̀ǹpútà," ni Akọ̀wé wí jẹ́jẹ́. "Ẹ má lo orúkọ bọ̀dá mi. Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n."

"Ẹ kẹ̀yìn síbí."

Ó kẹ̀yìn. Màmá náà kẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀wé kà.

Bí aránṣọ ṣe tẹ lẹ́tà tó kẹ́yìn ni fóònù rẹ̀ dún. Ọsìbítù ni.

"Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ síta ká jọ gbọ́," ni Akọ̀wé wí.

Màmá di ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "Bọ́ síta."

"Màmá, ṣé ẹ ò fẹ́ gbọ́ ni?"

"Mo ti fọwọ́ kan ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi hàn mí lẹ́ẹ̀kan lónìí. Ó tó. Bó bá fẹ́ kí n gbọ́, ó mọ ilé mi."

Ó fà á jáde, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Fóònù ṣì ń dún. Aránṣọ dúró kí ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn. Ti Akọ̀wé ló gbọ́, ó ń wọ́ bàtà nílẹ̀ lọ. Ti màmá kò dún. Ìbínú tún ru sókè nínú rẹ̀: àṣé ó fẹ́ fetí mọ́ ilẹ̀kùn ni. Ó kúnlẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ ilẹ̀kùn.

Gìgísẹ̀ màmá ló rí, tó ti sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí títì.

Kì í ṣe ìròyìn ni ìyá náà dúró gbọ́. Ẹnu ọ̀nà ló ń ṣọ́.

Aránṣọ dìde, ó gbé fóònù sétí.

"Ẹ máa wí," ni ó sọ. "Èmi nìkan ni mo wà níbí."