Òkìríkà Lẹ́nu Bàálù Ogun

Ògúndáre fẹsẹ̀ tilẹ̀ lórí tírélà, ó sì fa béèlì òkìríkà kejì jáde lẹ́nu bàálù ogun àtijọ́ tí wọ́n gbé wá láti Berlin. Mùsbáù, ọmọṣẹ́ rẹ̀, gbà á nísàlẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kẹta jáde, nǹkan kan tẹ̀ lé e, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì ró bí àwo tó là.

Ògúndáre sọ̀ kalẹ̀, ó ṣa àfọ́kù náà.

"Ta ló ní kí o ki ẹrù bọ̀ ọ́ lẹ́nu?"

"Ẹ̀gbọ́n, àyè ló ṣófo. Ìgbà wo la gbé òfìfo dé Hamburg rí?"

Ògúndáre fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kó mọ́tò ránṣẹ́ sí Èkó láti Neukölln ní Berlin, kò sí búùtù, kò sí abẹ́ àga tí wọn kì í ki nǹkan sí. Èbúté ni òkìríkà náà ń lọ. Ọ̀nà kan náà ni.

Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe mọ́tò. Ti Leonie ni, obìnrin tó gbé iṣẹ́ náà fún wọn. Bàbá rẹ̀, tó ṣiṣẹ́ rédà, ẹ̀rọ tó ń rí ọ̀tá lókèèrè, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìlà-Oòrùn Jámánì, ló tọ́jú bàálù náà sẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Berlin títí ó fi kú. Wọ́n ti ta ilẹ̀ náà. Ilé àkójọ ohun àtijọ́ kékeré kan ṣoṣo, níbí ní Harburg, àdúgbò kan ní Hamburg, ló gbà láti mú un: bí àwọn ìdérí rédà bá pé. Bí wọn kò bá pé, àwọn onírin àlòkù ló ni ín.

Leonie ti sọ fún Ògúndáre ìdí tí wọ́n fi ṣe pàtàkì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Rọ́ṣíà ń wá bàálù tí yóò mú ọ̀tá nínú kùrukùru àti òkùnkùn. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe tóbi, wọ́n wúwo, rédà wọn kò sì gbọ́ràn. Nígbà tó yá, wọ́n rí rédà tó fúyẹ́, wọ́n gbé e sínú bàálù kékeré yìí. Ṣùgbọ́n ẹnu bàálù ni ẹ́ńjìnnì fi ń mí, kò sí ibi tí wọn yóò gbé rédà sí. Wọ́n fi apá kan sí ètè òkè, wọ́n fi èkejì sáàárín ẹnu bíi bẹ́lúbẹ́lú ọ̀fun ènìyàn. Awakọ̀ kan ṣoṣo ló ń wà á, òun náà ló ń wo rédà.

Ìdérí bẹ́lúbẹ́lú yìí ni béèlì fọ́.

"Gọ́ọ̀mù wà, ẹ̀gbọ́n," ni Mùsbáù wí. "Ọ̀dà náà wà. Ṣé àwọn ará ilé àkójọ máa ti orí bọ ibẹ̀ ni?"

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ẹrù ni mo tì bọ̀ ọ́, kì í ṣe orí."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ògúndáre, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ jù.

Leonie dé láti Altona, lódì kejì Hamburg, ó ń fẹsẹ̀ wọ́ bọ̀ láti ibùdókọ̀ ojú irin S-Bahn. Ògúndáre fi ọwọ́ méjèèjì gbé àfọ́kù náà fún un.

"Àwa la fọ́ ọ. A ki ẹrù sí i lẹ́nu. Bí a ṣe máa ń di ẹrù nìyẹn."

Leonie yí i padà, ó yí i padà. "Ṣé ó ṣeé lẹ̀?"

"Ó ṣeé lẹ̀. Yóò hàn."

"Bàbá mi kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án."

Ọkùnrin ilé àkójọ náà jáde, ó wò ó, ó mi orí. Ó ní àwọn yóò mú àwọn ẹ̀rọ rédà tó wà nínú, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa wò wọ́n. Wọn kò fẹ́ ara bàálù náà. Leonie bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà ní kò sí àyè fún èyí tí kò pé.

Leonie jókòó lórí béèlì. Ògúndáre jókòó tì í.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ni Ògúndáre wí.

"Ó ti sú mi, Ọ̀gbẹ́ni Ògúndáre. Ẹ pe àwọn onírin."

Ọjọ́ Ẹtì ni àwọn onírin gé bàálù náà. Ìyẹ́ méjèèjì, tí wọn kò tíì kó wá, ṣì fara ti ògiri lẹ́yìn ilé bàbá Leonie ní Berlin.