Ókéè Tí Ọ̀gá Fi Ránṣẹ́

Ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ wa, èmi ni ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìtumọ̀ "ókéè". Bí oníbàárà bá fà á gùn, ara rẹ̀ ti balẹ̀. Bó bá sọ ọ́ ṣókí, ẹ wábi sá gbà. Ti ìyàwó mi nìkan là ń fi àdúrà gbà. Kò sí èyí tó lè rú mi lójú.

Láàárọ̀ àná, aṣọ ìgbéyàwó ọmọ ọ̀gá wa, tó yẹ kó máa wọ́lẹ̀, mo ṣèèṣì gé e dé orúnkún. Mo tẹ ìjẹ́wọ́ mi sórí fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Èsì dé kíá: "Ókéè."

Mo fi èsì náà han àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ó ti dárí jì yín nìyẹn," ni obìnrin tó ń lọ aṣọ wí.

"Dárí ji ta ni?" Ìyá Oníbọ́tìnnì, tó ń bá wa rán bọ́tìnnì, dá a lóhùn. "Ókéè tó tutù báyìí? Ọmọ mi, tètè máa palẹ̀ àlùmọ́gàjí rẹ mọ́ o."

"Àbí ó ní kí n dúró de òun ni?" ni mo bi wọ́n.

Bí a ṣe ń jiyàn lọ́wọ́, ọ̀gá wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. Èmi ọ̀jọ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín àjákù aṣọ.

"Ẹ ṣàánú mi, Mà! Ókéè yín yẹn, irú èwo ni?"

Ọ̀gá wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mo kàn tẹ̀ ẹ́ kí fóònù lè dákẹ́ ni. Mi ò tíì ka ohun tí o kọ."