Ìfé Inú Èèsún

Afárá pákó ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà ọgbà ẹyẹ náà. Ó gba orí irà, ó wọ inú èèsún, ó sì já sí adágún tí bàbá wa bá lọ. Bàbá ni aṣọ́gbà nígbà náà. Ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ni wọ́n rí, wọn ò rí òun. Bọ̀ọ̀dá mi fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó lọ ń ru àpò sìmẹ́ńtì kí ebi má baà pa mí. Àpá àpò náà ṣì wà léjìká rẹ̀ dòní.

Láti ìgbà náà, kò débẹ̀ mọ́. Èmi ni mo ní ká lọ wo ẹyẹ, bóyá ọkàn rẹ̀ á fúyẹ́.

"Ẹ má kúrò lórí pákó o," aṣọ́gbà tuntun kìlọ̀ fún wa. "Irà yìí ò mojú ẹnì kankan. Ẹyẹ kan sì wà níwájú tó máa ń sín èèyàn jẹ. Tí ẹ bá wúkọ́, á wúkọ́."

"Ṣé ó lè hanrun?" bọ̀ọ̀dá mi bi í. "Àbúrò mi yìí á kọ́ ọ dáadáa."

"Ẹ̀yin tí ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó lé lórí tí ẹ bá ń sùn!" mo fèsì.

Kùrukùru ṣì bo omi nígbà tí a dé àárín èèsún. Mo gbé awò sójú kí n lè wo lékeléke kan tí kò mira. Ìgbà náà ni ìfé dún: gígùn kan, kúkúrú méjì.

Bàbá kì í pariwo pe ọmọ. Ó fún kálukú wa ní ìfé tirẹ̀. Èyí ni ti bọ̀ọ̀dá mi; tèmi ni kúkúrú mẹ́ta, gígùn kan. Tó bá ti dún, a kì í fi ẹnu dáhùn, ẹsẹ̀ la fi ń dáhùn.

"Ẹyẹ yẹn ni," mo wí.

Bọ̀ọ̀dá mi ti sọ̀ kalẹ̀ sínú irà.

"Bọ̀ọ̀dá! Ẹ padà! Ẹyẹ ni!"

Kò wẹ̀yìn. Ìfé tún dún, ó ti jìnnà sí i. Irà ti dé ìbàdí rẹ̀. Igbe ò lè dá a dúró, torí igbe kọ́ ni wọ́n fi ń pè é nílé wa. Ètè mi gbẹ. Mo fi ahọ́n lá a, mo súfèé: gígùn kan, kúkúrú méjì.

Ó dúró. Ó yí padà bí ọmọ tí wọ́n pè wá jẹun, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí pákó, mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á gòkè.

"Ẹyẹ ni, àbí?" Ẹrẹ̀ ń kán lára rẹ̀.

"Ẹyẹ ni. Ẹnu Bàbá ló ti kọ́ ọ. Ṣebí ẹ̀yin ni wọ́n máa ń mú wá síbí."

Òótọ́ ni. Òun nìkan ni Bàbá ń mú wá. Èmi kéré, ilé ni mo máa ń wà. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni Bàbá ti ń súfèé tèmi.

A ti ń rí géètì nígbà tí ìfé dún lẹ́yìn wa. Kúkúrú mẹ́ta, gígùn kan.

Bọ̀ọ̀dá mi gbá ọrùn ọwọ́ mi mú gírígírí. Mo fẹ́ máa lọ síwájú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti ń yí padà.