Ẹni Tí Ń Fa Ìka Mi

1.

…ó sì tún fà á, títí ó fi dún: kẹ́.

"Ó ti là," ni Abíọ́nà wí. Ó ju ọwọ́ mi sílẹ̀ bí ẹni ju okùn ewúrẹ́ sílẹ̀. "Ládòkun, ọjọ́ tí n kò bá wá sí pápá ńkọ́? O ó gbé igi eré lọ sùn ti ìyàwó rẹ nìyẹn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ìrọ̀lẹ́ ni, ní Ìsẹ́yìn, ọdún 1918. Ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún mi ti há mọ́ igi láti ìdajì eré.


2. Ohun tí a ń lò

— Igi tí ó tẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

— Bọ́ọ̀lù. Àjákù òwú láti abẹ́ òfì, tí a wé títí ó fi le, tí a wá fi oje rọ́bà pa.

— Pápá. Ẹ̀yìn ilé ìwé ìjọ, níbi tí iná ti jó koríko ọ̀dàn.

— Ènìyàn mẹ́fà. Mẹ́ta kọjú sí mẹ́ta. Festus, tíṣà ilé ìwé, ni ó kọ́ wa. Èkó ni ó ti kọ́ ọ. Ó pè é ní họ́kì. Èmi àti Ràsáàkì, ahunṣọ ni wá. Jímọ̀ ń pa ẹran. Olúsọjí àti Abíọ́nà ń roko.

Ìlú pè é ní eré àwọn àgbà tí kò níṣẹ́. A níṣẹ́.


3. Nípa ìka

Oṣù kẹfà ni ó bẹ̀rẹ̀. Kókó kan so ní ìdí ìka, nínú àtẹ́lẹwọ́. Bí mo bá di igi mú pẹ́, ìka á ká, kò sì ní là mọ́. Bí mo bá fà á fúnra mi, omi á bọ́ lójú mi, síbẹ̀ kò ní là.

Abíọ́nà nìkan ni ó mọ̀ ọ́n fà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ti àkọ́kọ́, díẹ̀. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, kẹ́.

Ọwọ́ yẹn ni mo fi ń ju ọ̀kọ̀ tí ń gbé òwú kọjá lábẹ́ òfì.


4. Ohun tí akéde ké ní ojú ọjà, oṣù kẹwàá

ÀRÙN LÚKÚLÚKÚ TI WỌ ÌLÚ.
KÍ ÈNÌYÀN MÁ ṢE PÉ JỌ.
ẸNI TÍ Ó BÁ KÚ, KÍ WỌ́N SIN ÍN NÍ ỌJỌ́ NÁÀ.


5.

Abíọ́nà kú ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.


6.

Ní àdúgbò wa, bí ẹlẹ́gbẹ́ ẹni bá kú, obì ni a fi ń pínyà. A ó là á lẹ́nu ihò. A ó ju apá kan sínú ihò, a ó jẹ apá kejì. A ó wí pé: "Ó tán láàrin wa. Máa lọ."

Bí a kò bá wí i, òkú kò ní mọ̀ pé òun ti lọ.

Òkú méje ni wọ́n gbé ní ọjọ́ náà. Kò sí obì ní ọjà. Èmi àti Ràsáàkì ni a gbẹ́ ihò. A bo ilẹ̀, a sì sá lọ sílé.

"A ó pín in bí ìlú bá rọ̀," ni Ràsáàkì wí.

Ìlú rọ̀. A kò pín in.


7. Ìwé orúkọ Festus. Ó máa ń pe orúkọ wa ṣáájú eré bí ẹni ń pe ọmọ ilé ìwé. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi.

Oṣù kejìlá, 1918

Festus . . . . . . . ó wà
Ládòkun . . . . . ó wà
Ràsáàkì . . . . . . ó wà
Jímọ̀ . . . . . . . . ó wà
Olúsọjí . . . . . . ó wà
Abíọ́nà . . . . . . ó wà


8. Bí a ti sọ ọ́ ní pápá, ní ọjọ́ náà

FESTUS: Àṣìṣe ni. Mo pe orúkọ rẹ̀ kí n tó rántí.
ÈMI: Ẹ pè é. Ta ló dáhùn?
FESTUS: Ẹnì kan dáhùn.
RÀSÁÀKÌ: Tíṣà, ẹ má fi òkú ṣeré.
FESTUS: Mo rò pé Jímọ̀ ni.
JÍMỌ̀: Èmi kẹ̀? Mo ń so ṣòkòtò mi. Eyín ni mo fi di okùn mú. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi dáhùn?
FESTUS: Ẹ jẹ́ ká ṣeré.


9.

Mo gbá bọ́ọ̀lù sí apá òsì, níbi tí Abíọ́nà máa ń dúró. Ọwọ́ ni ó gbàgbé. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Bọ́ọ̀lù padà wá bá mi.


10.

Festus ní òkúta ni ó kọ lù.

N kò rí òkúta.


11.

Eré parí. Ìka há. Àwọn yòókù ti ń lọ. Mo na ọwọ́ síwájú bí mo ti máa ń ṣe. N kò mọ ìdí.

Ó fà á díẹ̀.



Ó tún fà á.



Kẹ́.


12.

Ó tutù. Ọyẹ́ ni, mo wí fún ara mi.

Ọyẹ́ kì í di ènìyàn lọ́wọ́ mú.


13. Iṣẹ́ tí Bàbá Àpọ́nlé, olórí àwọn ahunṣọ, rán sí mi

"Ẹ sọ fún Ládòkun pé aṣọ rẹ̀ ti ń dójú tì wá. Etí rẹ̀ wọ́. Òwú ń já. Mo fún un ní ọjọ́ ọjà méjì. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá là nígbà náà, kí ó kó òfì rẹ̀ kúrò lábẹ́ ibòji wa. Mo ti ní ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀."

Bàbá mi ni ó jókòó síbẹ̀ kí n tó jókòó. N kò mọ iṣẹ́ mìíràn.

Òtítọ́ ni ó sọ. Ní pápá nìkan ni ìka ń là. Lábẹ́ òfì, á há ní òwúrọ̀, á wà bẹ́ẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, mo ń lọ sí pápá.

Lójoojúmọ́.


14. Àwáwù, ìyàwó mi. Ó ń fẹ́ ọkà bí ó ti ń sọ ọ́.

ÀWÁWÙ: Bàbá Mojọlá, ẹ lọ bá olóòlà.
ÈMI: Ojú ni olóòlà ń kọ.
ÀWÁWÙ: Ẹni tó ń kọ ojú tí ojú kò fọ́, ṣé ìka ni yóò wá tì í?
ÈMI: Mo ti gbọ́.
ÀWÁWÙ: Ẹ ti gbọ́ láti oṣù kan. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́gbẹ́ yín ń ṣeré. Ta ni ẹ̀yin ń lọ bá lójoojúmọ́?
ÈMI: N kò lọ bá ẹnì kankan.
ÀWÁWÙ: Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín bọ̀. Ẹ kì í rẹ́rìn-ín kí ẹ tó lọ.


15.

Mo kọ pé n kò lọ bá ẹnì kankan. Irọ́ ni.


16. Ní ilé Ògúndìran olóòlà. Ọ̀sán gangan.

ÒGÚNDÌRAN: Gbé ọwọ́ wá. Hẹn. Kókó rèé. Iṣan ìka ń gba ojú ihò kan kọjá, ihò náà ti fún. Bí mo bá la ẹnu rẹ̀, ó parí.
ÈMI: Ṣé yóò dùn, Bàbá?
ÒGÚNDÌRAN: Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ń fara da ọ̀bẹ mi.
ÈMI: Wọ́n ń sunkún.
ÒGÚNDÌRAN: Sunkún. N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. (Ó pọ́n ọ̀bẹ.) Ìyàwó rẹ ní ẹnì kan ń bá ọ fà á ní pápá.
ÈMI: (Mo ń wo ọ̀bẹ náà.)
ÒGÚNDÌRAN: Ṣé ẹ pín obì pẹ̀lú ọmọkùnrin yẹn?
ÈMI: A pín in.
ÒGÚNDÌRAN: Fi etí sílẹ̀. Ọwọ́ tí mo bá là, òkú kò ní rí ohun tí yóò fà níbẹ̀ mọ́. Bí ẹ kò bá tíì pínyà, yóò wá ọwọ́ ẹlòmíràn lọ. Mo tún bi ọ́.
ÈMI: A pín in, Bàbá.


17.

Bí mo bá wí pé ó tán láàrin wa, ó tán nìyẹn.


18.

Ọ̀bẹ náà kò tó èékánná. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ó ní kí n ká ìka. Mo ká a. Ó ní kí n nà án. Mo nà án.

Kò dún.

Ó fi àdí pa á, ó fi ewé dì í. N kò sunkún.

Ní ọjọ́ ọjà kejì, mo jókòó sídìí òfì. Bàbá Àpọ́nlé wá. Ó fi ìka wọ́ etí aṣọ lọ, ó wọ́ ọ bọ̀. Ó wo ojú mi.

"O kú iṣẹ́," ni ó wí. Ó sì kọjá.


19.

Mo lọ sí pápá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo na ọwọ́ síwájú.







Mo nà án títí apá fi ro mí.


20. Ìwé orúkọ Festus, oṣù kìíní, 1919. Òun ni ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ewé.

N kò pe orúkọ A. lónìí. Mo ka orí wọn, márùn-ún pẹ̀lú èmi.
Mo tún kà. Mẹ́fà.
N kò kà á lẹ́ẹ̀kẹta.


21.

Ọ̀kọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Ràsáàkì lábẹ́ òfì. Ìka àárín, ọwọ́ ọ̀tún. Ìka náà kò dùn ún rí.

Lẹ́yìn eré, ó dúró ní òun nìkan. Mo wà lẹ́yìn igi irú. Kò rí mi.

Ọwọ́ rẹ̀ lọ síwájú. Òun kọ́ ni ó nà án.

Díẹ̀.



Kẹ́.


22.

Mo jowú.


23. Ràsáàkì wá bá mi lábẹ́ òfì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì

RÀSÁÀKÌ: Ládòkun, ẹnì kan fa ọwọ́ mi.
ÈMI: Ẹ̀ẹ̀melòó?
RÀSÁÀKÌ: Ìyẹn ni o fẹ́ mọ̀?
ÈMI: Ẹ̀ẹ̀melòó ni?
RÀSÁÀKÌ: Ẹ̀ẹ̀mejì. Díẹ̀, lẹ́yìn náà… O mọ̀ ọ́n. Wo ojú rẹ. O ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.
ÈMI: Ó ń ràn ọ́ lọ́wọ́ ni.
RÀSÁÀKÌ: Ìrànlọ́wọ́! N kò di nǹkan kan mú láàárọ̀ yìí, ìka ti há. Mo gbé ọmọ mi, ó figbe ta. Ó ní ọwọ́ mi tutù. Ìyá rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi bí ẹni gba ọmọ lọ́wọ́ àlejò.
ÈMI: Ògúndìran yóò là á fún ọ.
RÀSÁÀKÌ: Mo ti lọ. Ó bi mí bóyá a pín obì. Mo ní rárá. Ó ní ìwọ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.
ÈMI: (Mo so òwú kan tí ó já.)
RÀSÁÀKÌ: Ọ̀rẹ́ mi náà ni Abíọ́nà. Ṣé ìwọ nìkan ni ikú rẹ̀ dùn? Obì rèé. Dìde, ká lọ sídìí sàréè.
ÈMI: Ọ̀la.
RÀSÁÀKÌ: Ìwọ lo ní ọ̀la. Tèmi ti há.


24.

Ó gbé obì sórí aṣọ tí mo ń hun. Ó jókòó sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sínú òsì, ó ń mí sí i lára kí ó lè gbóná.

Mo ju ọ̀kọ̀. Mo tún jù ú. Ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa.


25.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ewé yìí. Nínú ti àkọ́kọ́, mo dìde, a sì lọ. Nínú ti ẹ̀ẹ̀kejì, n kò dìde.

Mo ti fa méjèèjì ya.


26.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, Ràsáàkì kó lọ sí Tẹ̀dé, ìka rẹ̀ ṣì há. Wọ́n gbé Festus lọ sí ilé ìwé mìíràn. Ẹnikẹ́ni kò gbá họ́kì mọ́. Wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ sí pápá náà.

Òpó méjì ni a ti rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀ fún eré. Ikán jẹ ọ̀kan. Ọ̀kan ṣì wà ní ìdúró.